Ẹsẹ̀ Sípíkà Tó Ṣófo

Màámi mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú orúnkún tó ń dùn yín láràárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ọ̀bà-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ níbí, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó nínú irun mi. Ẹ bá mi kí Bàbá Olórí Ẹbí, ẹ ní mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò dùn sí ohun tí wọ́n bá mi sọ lórí fóònù. Ẹ kí àwọn ìyá tó kù nínú ẹgbẹ́ akọrin pálọ̀ wa. Bọ̀dá Akínṣọlá nìkan ni kí ẹ má bá mi kí. Òun náà yóò kà á fúnra rẹ̀, torí mo ti ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Gbangba ni ó ti dójú tì yín, gbangba ni mo sì ti ń fèsì. Bí ẹ bá rí i pé mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní “ó” níbi tí ọmọlúwàbí yóò ti pè é ní “wọ́n”, ẹ fojú fò ó. Mo gbìyànjú ẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ ní ìrántí Bàámi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí n gbé sípíkà tó wà lọ́wọ́ mi fún Bọ̀dá kó fi ṣètò náà, kí ará ìta má baà fi wá rẹ́rìn-ín. Mo dákẹ́ títí owó fi tán lórí fóònù yín. Kì í ṣe àìgbọràn, Màámi. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá lanu, ohun tí yóò jáde kò ní ṣeé kó padà. Ìdáhùn mi rèé wàyí, mo ti rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Rárá ni. N kò ní í gbé e fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn iṣẹ́ fún yín ná, torí mo mọ̀ pé ẹ máa ń rò pé ebi ń pa mí. Ebi kò pa mí. Bẹ́ẹ̀dì àti àga ni mo ń kàn nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, bíi ti gbogbo káfíńtà. Lọ́jọ́ kan ni dókítà kan gbé sípíkà àtijọ́ méjì wá, àwọn gbàǹgbà tí wọ́n fi ojúlówó pákó ṣe, irú èyí tó wà láyé nígbà tí Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yín. Ó ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni òun gbé wọn sí, ohùn wọn kàn ń kùn bí ẹ̀rọ ata ni. Mo wò wọ́n, mo mọ ilé tí mo ti kọ́kọ́ rí irú wọn. Mo kan ẹsẹ̀ fún un. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́, àfi bí mo ṣe di Káfíńtà Sípíkà. Àwọn oníbàárà ń pè é ní sítáǹdì, ẹsẹ̀ ni èmi ń pè é, torí ohun tó ń gbéni dúró ni. Wọ́n ń wá láti Ìbàdàn, wọ́n ń wá láti Àbújá pàápàá: àwọn bàbá tó fẹ́ràn orin ìgbà èwe wọn, àtàwọn ọmọ tó jogún sípíkà tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n jogún.

Ìrókò tó gbẹ ni mo ń lò. Mo máa ń gbẹ́ inú ẹsẹ̀ náà kó ní ihò, kí n wá da yanrìn odò sí i kó lè wúwo, kó má baà máa gbọ̀n tẹ̀lé orin. Yanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ kanrin, nítorí náà mo ra agbada tí wọ́n fi ń yan gaàrí, òun ni mo fi ń yan án. Ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti ké sí ọkọ rẹ̀ rí pé kó wá wo ará Oǹdó tó ń yan iyẹ̀pẹ̀ jẹ. Títí dòní, bí mo bá ti dáná, àwọn kan ládùúgbò á ní kí n bu díẹ̀ fún àwọn, àwọn ní ṣúgà nílé. Ẹ rẹ́rìn-ín, Màámi. Èmi náà máa ń rín in.

Òjò ọdún yìí kò mojú ẹnikẹ́ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, n kì í gbọ́ ohùn ara mi mọ́, pákó á sì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, iṣẹ́ á dúró. Ìgbà yẹn ni mo máa ń ro ilé jù. Ilé kò sì jìnnà, ibi tó burú sí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé ní Kánádà, ó ní òun ń ṣàárò ilé. Òun ní òkun láàárín. Kí ni èmi ní? Mọ́tò Oǹdó ń pe èrò létí mi ní gáréèjì, ẹnì kan ló kù kó kún, mo sì ń kọjá lára rẹ̀. Àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe dáadáa sí mi. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, wọ́n sì máa ń bi mí pé ìgbà wo ni n ó lọ sí ulé. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ìgbà tí àga ìyá mi bá wọlé ni. Wọ́n rò pé òwe ni mo ń pa.

Kì í ṣe òwe. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, àmọ́ àlejò tó ń ka lẹ́tà yìí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un.

Tíṣà ni bàbá mi, àwọn náà ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n fi fẹ́ ìyàwó kejì. Màámi Àgbà, ìyá Bọ̀dá Akínṣọlá, ni àkọ́fẹ́. Ìyá mi ni ìkejì. Ṣọ́ọ̀ṣì gba ipò lọ́wọ́ Bàámi. Bàámi kò jà. Wọ́n kàn sọ pálọ̀ wa di ibi ìkọrin, àwọn aládùúgbò sì ń wá. Wọ́n ra sípíkà méjì lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀, wọ́n dojú odó méjì dé, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí odó kọ̀ọ̀kan. Àga Bàámi àti àga kúkúrú ìyá mi wà láàárín, wọ́n kọjú sí wọn. Màámi Àgbà kì í fẹ́ jókòó ní tiwọn, wọ́n ní ìdúró ni orin ti ń dùn mọ́ àwọn. “Aya mi” ni wọ́n ń pe ìyá mi, n kò sì gbọ́ kí wọ́n pè wọ́n ní ohun mìíràn rí.

Lọ́jọ́ ọdún tuntun kan, Bàámi fi máìkì méjì gba ohùn gbogbo ilé sínú téèpù. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin dúró sí òsì, kí àwọn obìnrin dúró sí ọ̀tún. Ẹ̀yin àti Màámi Àgbà lẹ ń lé orin. Nígbà tí orin parí, Bàámi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n gbàdúrà fún ilé àti fún àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara yín ti gbóná fún orin débi pé ẹ gbàgbé láti ṣe àmín, ni Màámi Àgbà bá fi yín rẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ wà nínú téèpù náà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ohùn àwọn ọkùnrin á gba inú sípíkà òsì jáde. Ẹ̀yin obìnrin, àdúrà Bàámi àti ẹ̀rín yẹn á gba inú t’ọ̀tún jáde.

Màámi Àgbà ló kọ́kọ́ lọ, Bàámi tẹ̀lé wọn. Ìdí-igi la fi pín ogún, bí a ṣe ń ṣe é nílé wa: iye ìyàwó tó bímọ ni iye ọ̀nà tí nǹkan ń pín sí. Oko tó wà ní Bọ́lọ́rundúró, ọ̀nà méjì. Aṣọ, ọ̀nà méjì. Nígbà tó kan sípíkà, Bàbá Olórí Ẹbí, àbúrò Bàámi, wò ó, wọ́n rí i pé méjì ni, wọ́n ní Ọlọ́run ti bá àwọn pín in sílẹ̀. Ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Gbogbo ẹbí ní ó dára. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ṣoṣo ni méjèèjì, ṣé a máa ń pín ṣòkòtò ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni? Wọ́n ní ta ló bí mi tí mo fẹ́ kọ́ àgbà ní ogún pínpín. Sípíkà òsì kan Bọ̀dá, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti téèpù. T’ọ̀tún kàn wá.

Ìyẹn kò dùn mí dọ́kàn. Wọn kò mọ̀ ni, ìdájọ́ òdodo ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Èyí tó tẹ̀lé e ni kì í ṣe àìmọ̀. Lọ́jọ́ kejì ìpín ogún, níwájú àlejò tí kò tíì lọ, Bọ̀dá dìde, ó gbé àga kúkúrú ìyá mi. Kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọjá níwájú gbogbo wa, ó lọ gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́nu ilé ìdáná, níbi tí òjò ń fẹ́ sí. Ó padà wọlé, ó gbọn ọwọ́ nù, ó ní, “Pálọ̀ yìí ti di t’ọmọ. Kí ìyàwó bàbá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.” Bàbá Olórí Ẹbí ń wo ilẹ̀. Ẹ̀yin kò bá a jà, Màámi. Ẹ tún ìró yín ró, ẹ sì tẹ̀lé àga yín jáde. Mo rí ẹ̀yìn yín bí ẹ ṣe ń lọ. Mo ṣì ń rí i.

Mo bẹ̀ yín kí a jọ máa lọ, ẹ ní ilé ọkọ yín ni, bó ṣe ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni. Mo gbé sípíkà tiwa lé itan nínú mọ́tò, mo wá sí Àkúrẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró de Bọ̀dá. N kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà wá, mo ṣáà mọ̀ pé yóò wá. Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ó sì wá, káfíńtà tí yóò kan ẹsẹ̀ sí sípíkà rẹ̀ ló ń wá kiri. Àwọn tó júwe mi fún un kò mọ orúkọ bàbá mi, Káfíńtà Sípíkà ni wọ́n sọ fún un. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó rí mi pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo kí i káàbọ̀. Mo gbọn àga fún un, mo fún un lómi. N kò ní í parọ́ fún yín, mo gbádùn rẹ̀ dé egungun.

Ó ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn àlejò ìrántí gbọ́ àdúrà Bàámi láti ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ téèpù náà, àwọn ọkùnrin nìkan ló ń pariwo; ṣe ni àdúrà ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nílé kejì. Ó lọ ra sípíkà ìgbàlódé kan, ó so ó mọ́ ọn. Ohùn Bàámi jáde nínú èyíinì bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, Bàbá Olórí Ẹbí sì ní kí ó pa á, kì í ṣe ohùn ẹ̀gbọ́n àwọn nìyẹn. Ó wá rí i wàyí pé àfi kí sípíkà méjèèjì padà pọ̀, kí wọ́n sì ní ẹsẹ̀ gidi. Ó gbé tirẹ̀ àti ẹ̀rọ àti téèpù wá sẹ́yìn ọkọ̀.

Mo gbé tirẹ̀ sórí ẹsẹ̀ tí mo kàn fún oníbàárà, mo ṣí aṣọ lórí tiwa, mo gbé e sórí èkejì. Iná wà lọ́jọ́ náà. Mo tẹ ẹ̀rọ. Màámi, ohùn yín wọ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀dọ́mọbìnrin ni yín! Ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi yọjú, ó bi mí pé ta ni yẹn. Lẹ́yìn náà ni Bàámi sọ̀rọ̀, tí wọ́n dárúkọ Bọ̀dá, tí wọ́n dárúkọ mi. Lẹ́yìn náà ni Màámi Àgbà rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá jókòó sílẹ̀ nínú èérún pákó pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Ó ní, “Màámi mi nìyẹn.” Ó ń sunkún bí ọmọdé. Gbogbo ọdún tó fi ń yangàn ní pálọ̀, inú sípíkà tiwa ni ohùn ìyá tó bí i wà, ní ìdí-igi tí ó lé jáde.

Ṣé ẹ rò pé àánú kò ṣe mí? Ó ṣe mí. Mo jẹ́ kó sunkún tó bó ṣe fẹ́, mo dá téèpù padà síbẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo jẹ́ kó gbọ́ ọ, mo sì pa á kí ẹ̀rín tó dé. Ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ ẹ́ padà. Mo bi í pé àga ìyá mi dà. Ó wò mí, ó ní àga wo? Màámi, kò rántí! Mo ní láti júwe rẹ̀ fún un. Ìgbà tó wá rántí, ó ní ìyẹn kò le, òun yóò ra àga tuntun fún yín, onítìmùtìmù. Mo ní rárá, àga yẹn náà ni. Ó ní òun yóò rán ẹnì kan kó gbé e wọlé. Mo ní, “Ọwọ́ tó gbé e jáde ni yóò gbé e wọlé, níwájú àlejò.”

Ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó ní ìwọ̀sí ni. Ó ní kí n ṣáà kan ẹsẹ̀ méjèèjì ránṣẹ́ sílé, ẹbí yóò gba sípíkà náà lọ́wọ́ mi. Ó kó sípíkà tirẹ̀ àti ẹ̀rọ àti téèpù padà sínú ọkọ̀, ó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Olórí Ẹbí pè mí, tí wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé èyí tí wọ́n fi bá wa wí ni mo ti rí, n kò tíì rí èyí tó fà wá mọ́ra. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n pa fóònù. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tiwọn kò wọ̀ mí létí ni Bọ̀dá tó rán yín sí mi. Ẹ wo ẹni tó lé sẹ́yìnkùlé, òun ló tún sọ di oníṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú tèmi le sí i.

Ẹ ó rántí okùn tí mo ní kí ẹ fi rán awakọ̀ sí mi. Mo ní kí ẹ jókòó sórí àga yín, kí ẹnì kan na okùn láti ilẹ̀ dé ibi etí yín, kó ta kókó sí i. Ẹ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní ẹ má ṣèyọnu. Bí mo ṣe ń wọn gbogbo oníbàárà mi nìyẹn. Ẹnu kékeré kan wà lókè sípíkà tí ohùn tínínrín ń gbà jáde. Bí kò bá dọ́gba pẹ̀lú etí ẹni tó jókòó, ohùn á fo onítọ̀hún dá. Ẹsẹ̀ tí Bọ̀dá ní kí n kàn, etí yín ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo gé ìrókò náà kí ẹnu kékeré yẹn lè bá kókó tí ẹ ta sí okùn dọ́gba. Ẹ sì mọ bí Bọ̀dá ṣe ga tó. Bó bá fẹ̀ sórí àga onítìmùtìmù rẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni ohùn yóò gbà kọjá. Bó bá wù ú kó gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀ kedere, àfi kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín.

Mo ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì ránṣẹ́. Mo fá wọn títí wọ́n fi ń dán, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ó ti gbé sípíkà rẹ̀ sórí ti òsì, pé gbogbo ẹni tó wọlé ló ń yìn ín, tí wọ́n sì ń bèèrè pé kí ló yẹ kó wà lórí èkejì. Ẹ ní ó gbé òdòdó oníke sí i, Bàbá Olórí Ẹbí sì ní kí ó gbé e kúrò, pé ó dà bí ìsìnkú. Inú mi dùn dé ibi tí n kò lè kọ. Kí ó máa ṣófo bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo àlejò bá a níbẹ̀, kí wọ́n máa bi í.

Màámi, ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Lọ́jọ́ ìrántí, n ó gbé sípíkà wa sẹ́yìn ọkọ̀, n ó sì dúró sábẹ́ igi ọsàn tó wà níwájú ilé. N kò ní í wọlé. Ẹ̀yin ẹ jókòó sórí àga yín lẹ́nu ilé ìdáná, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí àwọn ìyàwó ilé bá ní àwọn fẹ́ gbé e, ẹ kọ̀ fún wọn. Bí Bàbá Olórí Ẹbí bá ní kí ẹ dìde, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ tún jókòó. Bọ̀dá nìkan ni kí ẹ dìde fún, nígbà tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí n gbé àga yín. Ẹ tún ìró yín ró. Bí ẹ ṣe tẹ̀lé e jáde lọ́jọ́ yẹn, ẹ tẹ̀lé e wọlé. Bí mo bá rí yín lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, n ó gbé sípíkà wọlé fúnra mi, n ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi níwájú ayé. Bí n kò bá rí yín, n ó padà sí Àkúrẹ́, kí ó máa fi àwọn ọkùnrin nìkan kọrin.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín. Kí ó fún orúnkún yín lágbára fún ìrìn kékeré yẹn. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti ojúlùmọ̀ tó bá bèèrè mi. Nígbà tí àdúrà Bàámi bá parí nínú sípíkà lọ́jọ́ náà, tí Màámi Àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fi yín rẹ́rìn-ín lásán. Láti orí àga yín ni kí ẹ ti ṣe àmín.

Èmi ni ọmọ yín tí yóò dúró lábẹ́ igi ọsàn,
Akíntádé